Ṣọ́jà tí kò ní ipò kankan: Bí Isaac Fadoyebo ṣe lọ ogun Bọ́mà tó sì padà wálé

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọdé tí wọn kò tíì sọ ìtàn olórí ogun fún kò pọ̀. Wọ́n á sọ ti Tòyéjẹ, Aàrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Wọ́n á sọ ti Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú náà, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Àkekèé Dúdú nígbà ogun abẹ́lé. Bó bá jẹ́ Ọ̀yọ́ ni, orúkọ àwọn Èṣọ́ ṣì wà nínú oríkì títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ló mọ orúkọ ẹni tó ń tẹ̀ lé olórí ogun lẹ́yìn? Ẹni tó gbé ìbọn, tó ru ẹrù, tó fi ẹsẹ̀ rìn, tí ọta ìbọn bà, tí kò sì sí akéwì kankan tó kì í?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ gba Mọ́kọ́lá kọjá n'Ìbàdàn á ti gbọ́ orúkọ bárékè ṣọ́jà tí wọ́n ń pè ní Letmauk. Ní Èkó, Arakan wà ní Àpápá, Dodan sì wà ní ìtòsí Ọbáléńdé. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Haúsá, kì í sì í ṣe Ìgbò. Orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti jagun ní Bọ́mà ni, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. A ń pe orúkọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn awakọ̀ ń fi ṣe ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ síbẹ̀ ni Isaac Fadoyebo. Kì í ṣe ọ̀gágun, kò gba ipò ńlá kankan. Ṣọ́jà lásán ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó padà wálé, ó sì jókòó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀.

Kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé Bọ́mà?

Ogun tí àwọn àgbàlagbà wa ń pè ní ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Nígbà náà, ìjọba Britain ló ń ṣàkóso Nàìjíríà, nítorí náà, nígbà tí Britain wọ ogun, Nàìjíríà náà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ti wà nílẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Royal West African Frontier Force. Láti ilẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ: Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana lónìí, Sàró, àti Gambia. Ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará Ítálì jà ní ìlà oòrùn Áfíríkà ní 1940 àti 1941. Orúkọ Mogadishu àti Marda tó wà lára àwọn bárékè wa, láti ìhà ọ̀hún ló ti wá.

Ní ìparí 1941, Japan náà wọ ogun. Kí ọdún 1942 tó kọjá ìdajì, ọwọ́ wọn ti tẹ Bọ́mà, wọ́n sì ti dé ẹnu ibodè Íńdíà, tó wà lábẹ́ Britain nígbà náà. Igbó ńlá, òkè gíga àti odò ló kún Bọ́mà. Ọ̀nà mọ́tò kò tó nǹkan. Ọmọ ogun tó lè fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá ni Britain ń wá, ibi tí wọ́n sì yíjú sí ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Wọ́n dá ẹ̀ka ogun ńlá méjì sílẹ̀, ìkọkànlélọ́gọ́rin (81) àti ìkejìlélọ́gọ́rin (82). Nǹkan bí 90,000 ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láàárín 1943 sí 1945. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àmì tí àwọn ọmọ ẹ̀ka 81 lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù wọn ni alántakùn dúdú. Àwọn ará Ghana mọ alántakùn yìí dáadáa: Ananse ni, tó jẹ́ pé ipò tí Ìjàpá wà nínú àlọ́ tiwa ló wà nínú tiwọn. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó gbọ́n.

Ta ni Isaac Fadoyebo?

Ní 1925 ni wọ́n bí i ní Èmùré-Ilé, ìlú kékeré kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó mọ̀wé kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré láyé ìgbà náà.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1942, ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò bi bàbá, kò bi ìyá. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà ni pé ìwà ọmọdé ló ṣe é. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílé lónìí, tó ti rí bó ṣe máa ń jí lọ́jọ́ kan tí á ní òun fẹ́ lọ sí ibi tí òun kò mọ̀, kò ní í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé e.

Àwọn mìíràn ní ìdí tiwọn. Owó oṣù fa àwọn kan. Àwọn kan fẹ́ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn kan fẹ́ràn aṣọ ológun tí wọ́n rí lọ́rùn ọ̀rẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló fínnúfíndọ̀ lọ. Ibòmíràn wà tí ìjọba ti ní kí àwọn olóyè mú ènìyàn wá, bí olóyè bá sì ti nawọ́ sí ọmọ aláìní, ó parí nìyẹn.

Ibo ni ṣọ́jà lásán wà nínú ètò ogun?

Bí ẹ bá gbọ́ pé "ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀", àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀tá lójúkojú ni. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìyí: nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá máa ń wà lábẹ́ kọ́pùrà kan. Bí irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́ta, ó di pìlátúùnù. Pìlátúùnù mélòó kan ló ń di kọ́ńpìnnì, tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí kọ́ńpìnnì mélòó kan bá para pọ̀, ó di bàtálíọ̀nù, tó lè tó ẹgbẹ̀rin ènìyàn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú gbogbo ètò yìí ni ṣọ́jà lásán. Kò ní àmì kankan lápá. Àṣẹ ni wọ́n ń pa fún un, òun kò ní ẹni tó lè pàṣẹ fún.

Nígbà náà, òyìnbó ni gbogbo ọ̀gá àfi ìwọ̀nba kéréje. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Britain fún ní ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ogun yìí, ní 1942. Owó oṣù ọmọ Áfíríkà kò sì tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń sùn nínú ẹrẹ̀ kan náà, tí ọta ìbọn kan náà lè pa.

Àwọn ṣọ́jà wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, nítorí náà èdè Haúsá àti òyìnbó àdàmọ̀dì ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Haúsá rí kó tó kúrò nílé, ogun ló kọ́ ọ.

Nítorí pé Fadoyebo mọ̀wé, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ ìtọ́jú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí: bí ọta bá ba ṣọ́jà níwájú, wọ́n á gbé e lórí àkéte sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á di ojú ọgbẹ́. Láti ibẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ibùdó bíi ti ẹgbẹ́ Fadoyebo, níbi tí dókítà ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ṣì nílò ìtọ́jú ni wọ́n á wá gbé lọ sí ọsibítù ńlá lẹ́yìn ogun. Nítorí náà, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ìbọn ti ń dún. Bí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bá sún síwájú, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn.

Báwo ni ojoojúmọ́ ṣe rí nínú igbó?

Ní 1943, ọkọ̀ ojú omi kó wọn dé Íńdíà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí òkun rí kí ọjọ́ náà tó pé. Láti Íńdíà ni wọ́n ti kọjá sí ìpínlẹ̀ Arakan ní Bọ́mà, sí àfonífojì odò kan tó ń jẹ́ Kaladan.

Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ ibẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fúnra wọn ló la ọ̀nà kan, tó gùn ju 70 máìlì lọ, gba orí òkè gíga. Ṣọ́bìrì, dígà àti ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn òyìnbó sọ ọ́ ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹni tó bá ti rí alábàárù ní Ọjà Igbó nígbà tí ọjà bá kún, tó gbé àpò lérí, tó ń sáré láàárín èrò, ó ti rí apá kan ogun Bọ́mà. Àwọn ọmọ ogun mìíràn ní ìbaaka tí wọ́n ń di ẹrù lé. Ẹ̀ka 81 ní àwọn ènìyàn tó ń fi orí rù ú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n kó lọ fún iṣẹ́ yìí. Àpótí ọta, oúnjẹ, wáyà, àwọn tí ọta bà, orí àti èjìká ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ru ẹrù yìí kò ní ìbọn lọ́wọ́. Wọ́n ń gba ibi tí ọ̀tá wà kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, ọwọ́ òfìfo.

Oúnjẹ ńkọ́? Láti òkè ló ti ń wá. Ọkọ̀ òfuurufú á fò kọjá, á sì ju àpò ìrẹsì, bísíkí, ẹran inú agolo àti ọta ìbọn sílẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn aláṣọ tí kò ní jẹ́ kó fọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọkọ̀ kò ní lè wá. Bí ọkọ̀ kò bá wá, ebi ni. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ẹrù náà á lọ balẹ̀ sí.

Òjò Bọ́mà kì í ṣe bíi ti Ọ̀yọ́. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, òjò lè má dá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bàtà á jẹrà lẹ́sẹ̀. Eṣúṣú á wọ inú sòkòtò, á máa fa ẹ̀jẹ̀. Ibà ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúbúlẹ̀ ju ọta ìbọn lọ. Wọ́n ń fún ṣọ́jà ní oògùn kan tó pọ́n bí ìyeyè, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, awọ ara rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ní alẹ́, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á sùn sínú rẹ̀. Kò sí iná, kò sí ariwo. Àwọn Japan mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn lóru láìdún. Ṣọ́jà tó wà lẹ́nu ìṣọ́ á máa wo inú òkùnkùn títí ewé á fi jọ ènìyàn lójú rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Kejì oṣù Kẹta 1944?

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka 81 ti tẹ̀ síwájú gan-an ní àfonífojì Kaladan. Ẹgbẹ́ ìtọ́jú tí Fadoyebo wà ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń gba ojú odò lọ. Wọ́n dúró sùn ní bèbè odò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń múra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èyí kì í ṣe ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Japan ti ba dè wọ́n, wọ́n sì da ìbọn bo ibùdó náà. Àwọn tó wà níbẹ̀, olùtọ́jú aláìsàn ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ajagun. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan bọ́ sínú igbó.

Ọta ba Fadoyebo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì bà á níkùn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Kò lè dìde. Nígbà tí àwọn Japan dé ibi tó wà, tí wọ́n rí i pé kò lè rìn, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lójú tiwọn, ó ti kú tán, àsìkò ló kù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn Japan fi ko ẹ̀ka 81 lójú pẹ̀lú agbára, tí ẹ̀ka náà sì fà sẹ́yìn. Àwọn tó fara pa nínú igbó wà lẹ́yìn ọ̀tá báyìí. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé wọn.

Ta ló gbà á là?

Àwọn mélòó kan ló kọ́kọ́ kù pẹ̀lú rẹ̀. Ọgbẹ́ àti àìsàn pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìkẹyìn, ó ku ẹni méjì: Isaac Fadoyebo àti David Kargbo, ọmọ Sàró. David náà fara pa, ṣùgbọ́n ó lè rìn. Ó lè fi Isaac sílẹ̀ kó wá ọ̀nà tirẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

Àwọn ará abúlé kan nítòsí ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀yà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Ìwọ̀nyí kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò sì rí ènìyàn dúdú bẹ́ẹ̀ rí. Onígbàgbọ́ ni Isaac àti David, ṣùgbọ́n wọ́n fi ara wọn hàn bíi Mùsùlùmí kí ọkàn àwọn tó ń bọ́ wọn lè balẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà nínú àwọn ará abúlé náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman. Nígbà tó yá, òun ló gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Àwọn Japan wà káàkiri agbègbè náà. Àwọn ará àdúgbò mìíràn wà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àṣírí bá tú, kì í ṣe Isaac àti David nìkan ni wọ́n máa pa, ilé Shuyiman lódindi ni. Oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ó pín in. Kò sí owó oṣù tí ẹnikẹ́ni fún un, kò sì sí ọ̀gá tó pa á láṣẹ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún náà rọ̀ lé wọn lórí. Egungun ẹsẹ̀ Isaac ń so mọ́ra fúnra rẹ̀, láìsí dókítà, láìsí oníṣègùn egungun. Ní oṣù Kejìlá 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Britain tún ti padà wọ àfonífojì Kaladan, àwọn Gurkha, ìyẹn àwọn jagunjagun láti Nepal, dé abúlé náà, wọ́n sì rí àwọn méjèèjì.

Kí ni wọ́n bá nílé?

Wọ́n gbé Isaac lọ sí ọsibítù ní Íńdíà. Ní 1945, ó dé Èmùré-Ilé. Ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti gbọ́ látọ̀dọ̀ àwọn ológun ni pé wọn kò rí i mọ́. Òbí tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ bóyá kóun ṣọ̀fọ̀ tàbí kóun máa retí. Ọmọ tó jáde láì dágbére, lórí ẹsẹ̀ tó ń tiro ló fi padà wọlé.

Ogun parí ní oṣù Kẹjọ 1945. Ọ̀pọ̀ àwọn ṣọ́jà tó padà dé rò pé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ awakọ̀, wáyà, ìtọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò kárí. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, àwọn ṣọ́jà àtijọ́ kóra jọ láti gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Àwọn mẹ́ta kú: Sájẹ́ntì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe, àti Odartey Lamptey, tó jẹ́ ṣọ́jà lásán. Ogun tí wọ́n jà fún Britain kò pa wọ́n. Ìlú tiwọn ni ìbọn ìjọba Britain ti pa wọ́n. Ọjọ́ náà wà lára ohun tó mú kí òmìnira Ghana yá.

Ní Nàìjíríà náà, àwọn tó padà dé kò tún rí òyìnbó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà. Wọ́n ti rí òyìnbó tó ń sá, tó ń sunkún, tó ń kú. Ẹni tó ti rí ìyẹn, tí wọ́n wá sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo òyìnbó tó bá kọjá, ìbéèrè ti wà nínú rẹ̀.

Ní ti Isaac, ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ó ń bá ayé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Báwo ni ìtàn rẹ̀ ṣe dé etí ayé?

Rédíò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Isaac ti kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1989, nígbà tí BBC ń ṣe ètò lórí ipa tí Áfíríkà kó nínú ogun náà, ohun tó kọ dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀dà kan rẹ̀ dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní London. Ní 1999, yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé. Ọ̀pọ̀ ìwé ló wà tí àwọn ọ̀gá òyìnbó kọ nípa ogun Bọ́mà. Ìwé tí ṣọ́jà lásán láti Nàìjíríà kọ fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe di tirẹ̀ mú.

Oníròyìn kan tó ń jẹ́ Barnaby Phillips, tó ń bá Al Jazeera ṣiṣẹ́ nígbà náà, wá a dé ilé. Isaac ti di arúgbó. Ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Shuyiman bó ṣe yẹ. Ó kọ lẹ́tà. Phillips gbé lẹ́tà náà àti fọ́tò Isaac lọ sí Bọ́mà, ó ń bi ènìyàn léèrè títí ó fi rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú méjì tí bàbá wọn fi pamọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ nílé. Ní 2011 ni Al Jazeera gbé fíìmù rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2012, Isaac Fadoyebo kú. Ìwé tí Phillips kọ nípa rẹ̀ jáde ní 2014.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Lọ́dún tí Isaac kú gan-an, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè tí wọ́n ti fi í pamọ́, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ ilé àwọn Rohingya. Ní 2017, àwọn ológun Myanmar kọ lù wọ́n, àwọn tó lé ní 700,000 sì sá kọjá sí Bangladesh, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbé inú àgọ́ títí di òní. Ẹ̀yà tó fi ọmọ Yorùbá pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án ló wá di ẹni tó ń wá ibi sá sí. Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ Rohingya nínú ìròyìn, kì í ṣe àjèjì pátápátá ni wọ́n jẹ́ sí wa. A jẹ wọ́n ní gbèsè kan.

Kí ló kù fún wa láti ṣe?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, ìjọba máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn ológun tó ti kú, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó kú ní Bọ́mà náà wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó bá ní bàbá àgbà tó lọ ogun náà lè wo inú àpótí ilé. Àwọn tó jagun ní Bọ́mà gba àmì ẹ̀yẹ kan tó ní igun mẹ́fà bí ìràwọ̀, tí wọ́n kọ "The Burma Star" sí. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, ẹ má sì tà á fún oníparò. Ní ti àwọn tí kò padà wálé, itẹ́ òkú ńlá kan wà ní Taukkyan nítòsí Yangon, níbi tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 ènìyàn tí kò ní sàréè sí ara òpó. Orúkọ àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Commonwealth War Graves Commission tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní ojú ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ wá ènìyàn rẹ̀ láì san owó.

Bí ẹnì kan bá sì tún wà ládùúgbò yín tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu bàbá rẹ̀, ẹ gbé fóònù, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun parí ní 1945 ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àsìkò kò sí mọ́.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Isaac Fadoyebo pẹ́ kó tó dúpẹ́. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ dé, àwọn ọmọ ẹni tó ṣoore sì gbà á.